Gìtá béèsì àwọn ọ̀gá, àti bí o ṣe lè mú ohùn wọn jáde lára tìrẹ

Ẹni tó bá fẹ́ kí béèsì òun dún bíi ti James Jamerson tàbí Marcus Miller, orúkọ tó wà lórí gìtá ni ojú rẹ̀ kọ́kọ́ máa ń lọ. Fender ni wọ́n ní ọ̀gá ń ta, ó yá, ká lọ wá owó Fender. Á rà á tán, á so ó mọ́ amp, ohùn tó ń wá kò ní sí níbẹ̀. Gìtá kọ́ ló ṣe é. Nínú ohun tó ń mú béèsì dún bó ṣe ń dún, ọwọ́ ló ṣíwájú, okùn ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìyẹn ni ibi tí ìka ti ń ta okùn àti ibi tí pickup (oofa tó ń gba ohùn okùn) wà lára igi. Orúkọ ilé iṣẹ́ ló gbẹ́yìn. Bí iṣẹ́ náà ṣe máa tò níbí nìyẹn: mọ ohùn tí ò ń wá, yan gìtá tó lè gbé e, tún gìtá náà ṣe kó dúró dáadáa, kí o tó wá máa wá ohùn ọ̀gá kọ̀ọ̀kan.

Ohùn wo lò ń wá?

Precision Bass ni ká fi bẹ̀rẹ̀. Leo Fender ló gbé e jáde ní Fullerton, California, ní 1951. Kó tó dé, béèsì onígi gàgàrà tí wọ́n ń dúró tì ni àwọn olórin ń ta. Kò ní fret (àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn), kò rọrùn láti gbé kiri, ariwo ìlù sì máa ń bò ó mọ́lẹ̀. Fret tí Fender kàn mọ́ ọrùn tiẹ̀ ló jẹ́ kí ìka máa balẹ̀ sójú ohùn gan-an. Pickup tó là sí méjì, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ọn lónìí, dé ní 1957. Nọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju méjì lọ: volume àti tone.

Wo àwọn tó lò ó: Jamerson ní ilé iṣẹ́ àwo orin Motown, Donald "Duck" Dunn ní ilé iṣẹ́ àwo orin Stax, Carol Kaye ní Los Angeles, Steve Harris ti Iron Maiden. Jamerson àti Harris, okùn flatwound (tí wáyà tó yí i ká tẹ́jú) ni àwọn méjèèjì lò lórí irú gìtá kan náà. Síbẹ̀ ohùn Jamerson rọ̀, ó sì kún. Ti Harris ń ta, ó ń dún bí irin tó ń lu irin, nítorí ó ń fi ìka na okùn títí tí okùn fi ń kan fret. Kaye ní tiẹ̀, pick ló fi ń ta á, ó sì máa ń fi aṣọ felt lé okùn lórí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bridge (irin ìdí gìtá tí okùn dúró lé) kí ohùn má bàa pẹ́. Gìtá kan, ohùn mẹ́ta.

Jazz Bass tẹ̀ lé e ní 1960. Pickup méjì ló ní, ọrùn rẹ̀ sì tín-ínrín níbi nut (ibi tí okùn gbà kọjá lókè ọrùn): nǹkan bíi 38 mm, nígbà tí ti Precision sábà máa ń wà láàrin 41 sí 44 mm. Jaco Pastorius, Marcus Miller, Geddy Lee ti Rush, àti Aston Barrett tó ta béèsì fún Bob Marley, Jazz Bass ni wọ́n fi mọ̀ wọ́n. StingRay ti Music Man dé ní 1976, ó ní bátìrì 9V nínú tó ń fún preamp (ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn ró kó tó dé amp) lágbára. Ohùn rẹ̀ máa ń yọ gedegbe láàárín ìlù àti kíbọọ̀dù. Bernard Edwards ti Chic àti Louis Johnson lò ó. Lẹ́yìn ìwọ̀nyí ni Höfner 500/1 ti Paul McCartney, àti Rickenbacker 4001 tí Cliff Burton ti Metallica àti Geddy Lee pẹ̀lú lò nígbà kan.

Bó bá jẹ́ pé ẹyọ kan péré lagbára rẹ ká, Jazz Bass ni kí o rà. Pickup ti iwájú nìkan á gbé ọ súnmọ́ ohùn Precision, ti ẹ̀yìn nìkan á gbé ọ dé ọ̀dọ̀ Jaco, méjèèjì pọ̀ á fún ọ ní ti Marcus. Squier tàbí Sire tí Marcus Miller fi orúkọ rẹ̀ sí tó fún iṣẹ́ yìí. Bó bá sì jẹ́ béèsì olókùn márùn-ún ti ṣọ́ọ̀ṣì ló wà lọ́wọ́ rẹ, má tà á. Fi àtàǹpàkò sinmi lórí okùn B kó má bàa máa kùn lábẹ́lẹ̀, kí o máa ta mẹ́rin tó kù.

Bí tòkunbọ̀ lo fẹ́ rà

Gbé ìdí gìtá sí ojú, kí o wo ọrùn rẹ̀ láti ìhà bridge lọ sí orí. Bó bá tẹ̀ síwájú díẹ̀, ìyẹn ò burú, truss rod (ọ̀pá irin inú ọrùn) á tún un ṣe. Bó bá lọ́ pọ̀, tí ẹ̀gbẹ́ okùn E ga ju ẹ̀gbẹ́ okùn G lọ, fi í sílẹ̀, bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó. Fi Allen key yí truss rod díẹ̀díẹ̀: tó bá ń yí lófìfo tí kò di nǹkan kan mú, tàbí tó ti dé òpin tí ọrùn sì tẹ̀ síbẹ̀, ẹ̀rọ inú rẹ̀ ti bàjẹ́. Tẹ okùn kọ̀ọ̀kan lórí fret kọ̀ọ̀kan, kí o gbọ́ èyí tí ohùn rẹ̀ ń kú. Wo bóyá okùn G ń fẹ́ yọ̀ bọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, wọ́n lè ti so ọrùn náà ní wíwọ́. Nọ́ọ̀bù tó ń ha nígbà tí o bá ń yí i kì í ṣe àbùkù gidi. Contact cleaner tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe máa ń lò á pa á lẹ́nu mọ́. Lo ìyẹn láti fi dín owó.

Tún un ṣe kó tó dún

Okùn tuntun ni kí o kọ́kọ́ so, nítorí gbogbo ìwọ̀n tó kàn dá lórí bí okùn ṣe le tó. Flatwound máa ń fa ọrùn ju roundwound (tí wáyà tó yí i ká rí roboto) lọ. Bí o bá pààrọ̀ láti ọ̀kan sí èkejì, tún ìwọ̀n wọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀. Tẹ okùn ní igun níbi tí o ti fẹ́ gé e kí o tó gé e, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wáyà tó yí i ká á tú, okùn náà á sì dún bí òkú. Tún un tune sí E A D G.

Lẹ́yìn náà ni ọrùn. Fi capo (ìdìmú tó ń tẹ okùn mọ́ ọrùn) sí fret 1, fi ọwọ́ tẹ okùn E lórí fret tó gbẹ̀yìn, kí o wá wo àlàfo tó wà láàárín okùn àti fret 8. Nǹkan bíi 0.3 mm ló yẹ kó jẹ́. Feeler gauge tí àwọn mẹkáníìkì fi ń wọn ẹnu plug lo máa fi wọ̀n ọ́n. Bí àlàfo bá pọ̀ jù, yí truss rod sí ọwọ́ ọ̀tún, ìdá mẹ́rin ìyípo kan péré, tún tune, dúró díẹ̀, kí o tún wọ̀n. Bí kò bá sí àlàfo rárá, yí i sí ọwọ́ òsì. Ẹni tó bá yí i lódidi ìyípo kan lẹ́ẹ̀kan náà ló máa ń fọ́ ọrùn. Lásìkò ọyẹ́, igi máa ń gbẹ, ọrùn á tẹ̀ sẹ́yìn, okùn á máa kùn lára àwọn fret àkọ́kọ́. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, á tún tẹ̀ síwájú. Nítorí náà ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, ó kéré tán, ni iṣẹ́ yìí.

Gíga okùn ló kàn. Ní fret 17, láti orí fret dé abẹ́ okùn, 2.4 mm fún E, 2 mm fún G. Saddle tó wà lórí bridge lo máa yí. Àwọn kan máa ń fi truss rod wá gíga okùn; ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ìyẹn ló sì fà á tí fret òkè fi ń kùn fún wọn títí tí wọn ò fi mọ ohun tí wọ́n máa ṣe. Wá tẹ okùn ní fret tó gbẹ̀yìn, kí o jẹ́ kí pickup jìnnà sí E ní nǹkan bíi 3.2 mm, sí G ní 2.4 mm. Bó bá súnmọ́ jù, oofa inú rẹ̀ á máa fa okùn, ohùn á máa yọ̀ kúrò lójú ọ̀nà, pàápàá lórí okùn E lókè.

Ìparí ni ìbámu ohùn. Ta harmonic ní fret 12 (fi ìka kan okùn fẹ́ẹ́rẹ́ láìtẹ̀ ẹ́), kí o tẹ fret 12 náà gan-an, kí o wo tuner. Bí èyí tí o tẹ̀ bá ga ju harmonic lọ, fa saddle sẹ́yìn kúrò lọ́dọ̀ ọrùn. Bó bá rẹlẹ̀, tì í síwájú.

Ohùn Jamerson

Gìtá Precision 1962 tí wọ́n ń pè ní "Funk Machine" ni. Okùn La Bella flatwound tó nípọn ló wà lórí rẹ̀, láti .052 dé .110, Jamerson kì í sì í pààrọ̀ wọn àfi bí wọ́n bá já. Okùn rẹ̀ ga gan-an sí fingerboard (ojú ọrùn). Ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló fi ń ta á.

Ra flatwound, má sì nù ú bíi ti roundwound. Ìdọ̀tí ọwọ́ wà lára ohùn yìí. Gé fóòmù bí ìwọ̀n 8 cm ní gígùn àti 2 cm ní fífẹ̀, ti kànìnkànìn ìfọ abọ́ tó. Kí ó nípọn díẹ̀ ju àlàfo tó wà lábẹ́ okùn lọ. Ti í bọ abẹ́ okùn, kó fẹ̀yìn ti saddle. Ta okùn kọ̀ọ̀kan: kó dún gbọn-in, kó sì kú láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá ń dún "pọ̀" lásán tí a ò gbọ́ ohùn kankan, fóòmù ti nípọn jù, bó sì bá ń pẹ́, ó ti fẹ́lẹ́ jù. Ohun tó wọ́pọ̀ ni pé fóòmù á mú E àti A, kò ní kan D àti G dáadáa. Fi pépà pelebe sí abẹ́ rẹ̀ níhà ìsàlẹ̀ yẹn.

Ta á láàárín pickup àti ìparí ọrùn, ìka kan ṣoṣo. Ìka kan ni àṣírí rẹ̀: bí ìka bá ń bọ̀ láti okùn tó ga sí èyí tó rẹlẹ̀, jẹ́ kó wọ́ lọ gba okùn kejì lójú ọ̀nà láìgbé e sókè. Ibẹ̀ ni ìlù inú ohùn rẹ̀ ti ń wá. Pẹ̀lú ìka méjì, gbogbo ohùn á dọ́gba, ó sì máa sọ adùn náà nù.

Ohùn Jaco

Jazz Bass 1962 ni, fret rẹ̀ sì ti jáde. Ó fi nǹkan dí ojú ihò fret, ó wá fi epoxy ti àwọn ọkọ̀ ojú omi bo fingerboard, nítorí okùn Rotosound roundwound tó ń lò máa ń jẹ igi. Wọ́n jí gìtá náà ní New York ní 1986, ọdún kan ṣáájú ikú rẹ̀. Ó tún jáde lẹ́yìn ogún ọdún, Robert Trujillo ti Metallica ló sì ṣèrànwọ́ kí ẹbí rẹ̀ tó lè gbà á padà.

Bí o bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, lo béèsì olówó pọ́ọ́kú tí ọrùn rẹ̀ dúró dáadáa. Tú okùn kúrò, yí truss rod títí ọrùn á fi tọ́ gbọnrangandan. Fi soldering iron gba orí fret lọ gba bọ̀ kó gbóná, kí gúlù àti epo inú igi lè rọ̀. Fi pínsà tí ẹnu rẹ̀ tẹ́jú dì í mú láti etí, máa fún un díẹ̀díẹ̀ lọ sí àárín. Má fà á sókè, fífà ló ń ṣí igi. Bí ìṣẹ́kù igi bá ṣí, fi súpà gúlù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó ti kúrò lójú ẹsẹ̀.

Ihò fret sábà máa ń fẹ̀ ní nǹkan bíi 0.6 mm. Gé igi pelebe tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ ju fingerboard lọ kí o lè rí ìlà, fi gúlù igi sí i, tì í wọlé, jẹ́ kó gbẹ mọ́jú. Má fi ihò sílẹ̀ lófìfo: ọrùn á rọ, okùn á sì fà á síwájú. Gé èyí tó yọ, kí o fi sandpaper 180, 320, 600 yọ ojú rẹ̀ lórí igi tó ní ìkọ́ bíi ti ọrùn náà. Ìkọ́ ọrùn (radius) Fender àtijọ́ máa ń jẹ́ ínṣì 7.25, ti òde òní 9.5, bí o bá lo pákó tó tẹ́jú, àárín fingerboard á jẹ ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Fi tape bo ẹ̀gbẹ́ ọrùn, kun epoxy ní ìpele mẹ́ta tó fẹ́lẹ́, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbẹ pátápátá kí èkejì tó gùn ún. Fi sandpaper yọ ọ́ títí dé 2000, kí o wá dán an. Bo imú àti ẹnu, wọ ìbọ̀wọ́. Eruku epoxy kì í ṣe ohun tí ẹ̀dọ̀fóró ń fẹ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé ni nut. Fret ti lọ, gíga okùn níbi nut gbọ́dọ̀ wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí feeler gauge 0.3 sí 0.5 mm péré á fi kọjá lábẹ́ okùn. Saddle náà á wálẹ̀. Ọrùn gbọ́dọ̀ tọ́ ju ti onífret lọ, àlàfo 0.1 sí 0.2 mm tó.

Nígbà tí o bá ń ta á, orí ìlà gan-an ni kí ìka balẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yìn rẹ̀ bí a ṣe ń ṣe pẹ̀lú fret. Àmì funfun ẹ̀gbẹ́ ọrùn wà láàárín ìlà méjì, má tẹ̀ lé e. Ṣí pickup ẹ̀yìn tán, ti iwájú pa, dín tone kù títí etí rẹ̀ á fi rọ̀, kí o sì máa ta lórí pickup ẹ̀yìn náà. Bí o kò bá fẹ́ wàhálà epoxy, so flatwound. Ohùn á ṣú ju ti Jaco lọ, ṣùgbọ́n igi kò ní jẹ. Etí tó fẹ́ gbọ́ ohun tí béèsì aláìnífret lè ṣe lọ́wọ́ ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà, kó wá Bakithi Kumalo ti South Africa nínú Graceland, àwo orin Paul Simon, 1986.

Ohùn Marcus Miller

Jazz Bass 1977 ni, Roger Sadowsky ló fi preamp sí i. Láàárín ọdún 1970 sí 1979, Fender ti gbé pickup ẹ̀yìn súnmọ́ bridge ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan ju ti tẹ́lẹ̀; ìyẹn wà lára ohun tó mú ohùn rẹ̀ mú ṣáṣá.

Roundwound tuntun, .045 sí .105. Bó bá ti dàgbà, kò sí nọ́ọ̀bù tó lè jí i. Jẹ́ kí okùn rẹlẹ̀ díẹ̀ ju ìwọ̀n òkè yẹn lọ, 1.8 sí 2 mm ní fret 17. Ṣí pickup méjèèjì tán, gbé bass àti treble sókè díẹ̀ lórí preamp, má fọwọ́ kan àárín. Fi ẹ̀gbẹ́ egungun àtàǹpàkò gbá okùn níbi tí fret tó gbẹ̀yìn wà, kó kàn án kó padà sẹ́yìn lójú ẹsẹ̀. Bó bá dúró lórí okùn, ohùn kú. Ọ̀nà yìí, Larry Graham ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà tó ń bá ìyá rẹ̀ ta láìsí onílù: àtàǹpàkò dípò bass drum, ìka tó ń fa okùn sókè dípò snare.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni G. Ọ̀pọ̀ máa ń fà á sókè jù, á máa gún etí. Sọ pickup kalẹ̀ díẹ̀ níhà G kí o tó lọ ra compressor. Bátìrì 9V náà, yọ wáyà kúrò nínú jack bí o bá parí, torí wáyà tó wà nínú rẹ̀ ló ń tan preamp. Bátìrì tó ń kú máa ń mú ohùn ya; amp ni àwọn èèyàn máa ń fẹ̀sùn kàn.

Höfner àti StingRay

McCartney ra Höfner rẹ̀ ní Hamburg ní 1961. Ọlọ́wọ́ òsì ni, gìtá tó rí bíi fayolín tó dọ́gba ní ìhà méjèèjì kò sì fi bẹ́ẹ̀ hàn bí wọ́n bá dorí rẹ̀ kodò. Ínṣì 30 ni gígùn okùn rẹ̀ láti nut dé bridge, ti Fender jẹ́ 34. Okùn short scale ni kí o rà. Okùn gígùn tí o bá gé á jẹ́ kí apá tó nípọn rọ́ mọ́ òpó ìyíkùn, flatwound sì lè já níbẹ̀. Pick, ohùn kúkúrú, fóòmù díẹ̀: ó tó.

Ti StingRay, ojú pickup gan-an ni kí o ti ta á fún ohùn Edwards, kí o fi ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹwọ́ bo okùn díẹ̀. Má gbé treble rẹ̀ ju àárín lọ. Ó ti mú tẹ́lẹ̀.

Ariwo tó ń kùn nínú amp

Jazz Bass kì í kùn bí pickup méjèèjì bá ṣí dọ́gba, wọ́n ń pa ariwo ara wọn. Bí o bá dín ọ̀kan kù láti wá ohùn Jaco, á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, pàápàá níbi tí jẹnẹrétọ̀ àti iná fluorescent wà. Precision kò ní ìṣòro yìí láti 1957. Fọwọ́ kan bridge: bí ariwo bá dínkù, ilẹ̀ iná tó ń lọ sí bridge wà, pickup ló ń gba ariwo láti inú yàrá; yí ara rẹ padà sí ìhà mìíràn tàbí jìnnà sí iná náà. Bí ariwo kò bá yí padà rárá nígbà tí o fọwọ́ kàn án, ṣí ibi tí àwọn nọ́ọ̀bù wà lójú gìtá, wá wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó lọ láti inú nọ́ọ̀bù sí abẹ́ bridge. Ó ti já tàbí ipata ti jẹ ibi tó kan irin. Ha irin náà mọ́, tẹ wáyà padà sábẹ́ bridge, kí o dí súkúrúù rẹ̀ padà.